Bàtà Tí Kò Ní Ìlà

Obìnrin aránbàtà kan wà tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi í: "Irú bàtà wo tiẹ̀ nìyí?" Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lè fi odindi ọ̀sán tún bàtà arúgbó ṣe, kó má gbà ju "o ṣeun, ọmọ mi" lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ti sú u, pàápàá torí pé àwọn tó ń bi í kì í dúró gbọ́ èsì. Wọ́n á ti béèrè, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á ti kọjá lọ.

Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, nítorí náà Ìyàwó Bíríkìlà ni gbogbo ẹgbẹ́ aránbàtà ń pè é. Abẹ́ àtíbàbà páànù kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀wọ́ àtíbàbà tó fara ti odi ilé ìwòsàn ńlá. Ó ní tábìlì kan, àpótí ìjókòó kan, ẹsẹ̀ onígi lóríṣiríṣi ìwọ̀n tó so rọ̀ sára òpó, agolo gọ́ọ̀mù tí ìdérí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, àti ọ̀bẹ kan tó ti pọ́n títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di abẹ́rẹ́. Kò ráhùn. Iṣẹ́ tí a bá fi ọwọ́ ara ẹni kọ́, a kì í fojú kékeré wò ó.

Bàtà tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí, nítorí Àǹtí Afọṣọ ló ṣe é. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí, ilé ìwòsàn yẹn ló sì ti ń fọ aṣọ láti ìgbà tí gbogbo irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹni tí kò wọ ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn rí lè rò pé yàrá kan lásán ni. Rárá o. Yàrá ìfọṣọ wà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, tí ọṣẹ ń mú un yọ̀. Yàrá ìlọṣọ wà, tí ooru àyọ́ọ̀nù ti mú kí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ máa jó ni lẹ́sẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà tí wọ́n tẹ́ táìlì funfun sí. Bí bàtà rẹ bá fi àmì dúdú bíńtín síbẹ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì á ké pè ọ́ bí ẹni pé o pa ènìyàn. Àgbàlá tí wọ́n ń sá aṣọ sí wà lẹ́yìn, ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Òfin ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bàtà tirẹ̀. Bàtà òjò nínú omi, sálúbàtà níbi ìlọṣọ, bàtà kánfáàsì lórí táìlì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ wọn. Ẹ wá wo obìnrin tó gbé òkìtì aṣọ ibùsùn dé àgbọ̀n, tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tó ń fi ẹsẹ̀ kejì wá bàtà nílẹ̀ bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà kò gbé aṣọ rí. Ẹ má dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí ṣubú. Kì í ṣe inú omi ló ti ṣubú, kì í sì í ṣe orí táìlì. Àárín bàtà méjì ni. Ẹsẹ̀ kan ṣì wà nínú bàtà òjò, èkejì ti jáde, kò sì tíì wọ nǹkan kan. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Kí ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Bàtà wo lo wọ̀?"

Nígbà tí Ìyàwó Bíríkìlà gbọ́, inú bí i débi pé ó gbé oúnjẹ tì. Ọmọ òrukàn ni. Ó ti gbé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ti gbé ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá náà lẹ́yìn tí tọkọtaya pínyà, ó ti gbé ilé ìbátan kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe tan. Ilé kọ̀ọ̀kan rí ìdí tí wọ́n fi di ẹrù rẹ̀ fún un. Níkẹyìn ni Àǹtí, tí kò ní ju yàrá kan lọ, sọ pé, "Ẹ mú un wá. Ẹní mi fẹ̀." Lọ́dọ̀ Àǹtí ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín láìwo ojú onílé kọ́kọ́. Ọwọ́ tó kán yẹn ló tẹ́ ẹní náà fún un.

Ló bá ti iṣẹ́ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gé rọ́bà, kò dára. Ó lẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ó rán an, omi gba ojú okùn wọlé. Ó bú rọ́bà, ó bú okùn, ó bú ara rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i. Ó la ojú ọ̀nà omi tín-ínrín tín-ínrín sí iwájú ìsàlẹ̀ bàtà náà, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí omi àti ọṣẹ lè rí ibi sá gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀, rọ́bà rírọ̀ tó tẹ́jú ló fi sí i, irú èyí tí kì í fi àmì sórí táìlì. Ó fi ìda pa awọ òkè títí omi fi ń yí kúrò lára rẹ̀. Ó wá lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ó mọ̀ pé omi tó bá fẹ́ wọlé á wọlé; ohun tó kù ni kí ènìyàn má tì í mọ́lé.

Nígbà tí ọwọ́ Àǹtí san tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wọ bàtà náà láàárọ̀, kò bọ́ ọ títí ó fi délé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò sì rí àmì kankan tó máa fi ké. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n.

"Ọmọ yìí," ó ní, "mi ò bọ́ bàtà lónìí o."

Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Làwọn afọṣọ yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò, obìnrin tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé, àti Bíríkìlà fúnra rẹ̀, tó máa ń ti inú kòtò ìpìlẹ̀ bọ́ sórí àkàbà kó tó tún wọ yàrá tí wọ́n ti kùn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó pè é. Wọ́n á kàn nàka sí i: "Fún mi ní irú ti Àǹtí yẹn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé nígbà tí ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ sún odi àwọn síta, kí gbogbo àtíbàbà kúrò. Ẹgbẹ́ aránbàtà rí gbọ̀ngán tuntun kan gbà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, tó ní òrùlé gidi, tó ní iná, tó ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Alága ẹgbẹ́ ló pín in. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ètò ni Alága. Ìṣó tó wà nínú agolo rẹ̀ pàápàá, ó tò wọ́n kí orí gbogbo wọn lè kọjú síbì kan náà. Ó fa ìlà mẹ́rin sílẹ̀ gbọ̀ngán: ìlà bàtà ilé, ìlà bàtà òde, ìlà bàtà iṣẹ́, ìlà bàtà òjò. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá wà nínú ìlà kan ló ní ìjókòó. Ẹni tí kò bá ní ìlà, kó wá ibòmíràn gbà.

"Ìyàwó Bíríkìlà, ìlà wo?" Alága béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ ni, Alága."

"Wọn kì í jókòó sí gbogbo rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo lo ní."

"Bàtà mi lẹ béèrè, ẹ ò béèrè ìdí mi."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá wù ú, kó jáwọ́ nínú nǹkan tí kò lórí tí kò nídìí yẹn, kó máa ṣe sálúbàtà bí ọmọlúwàbí, òun á fún un ní ìjókòó ní ìlà bàtà ilé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá pe bàtà rẹ̀ lórúkọ níwájú ẹgbẹ́.

Àṣà àtijọ́ ni ìpè orúkọ nínú ẹgbẹ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá ṣe irú bàtà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ nínú yàrá ẹ̀yìn, láàárín oríṣiríṣi bàtà mìíràn. Wọ́n á wá ẹni tí ojú rẹ̀ kò kan iṣẹ́ náà rí, wọ́n á sọ orúkọ fún un, orúkọ nìkan, wọ́n á ní kó wọlé lọ mú un wá. Bó bá mú un wá, orúkọ dúró, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ṣe é ní ìjókòó, alága kan kò sì lè yí i padà. Bí kò bá mú un wá, ààyè ṣì wà fún ìgbìyànjú kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Àwọn àgbà ní ènìyàn la ń rán lọ ra bàtà, bí orúkọ kò bá lè dá mú ẹni tí a rán débẹ̀, ariwo lásán ni.

Ìyàwó Bíríkìlà kò fi bẹ́ẹ̀ ronú. Ó ní iṣẹ́ tó ti sọ ara rẹ̀ kò nílò agbẹnusọ. Ó dúró láàárín wọn, ó ní, "Bàtà ibi gbogbo ni."

Káfíńtà kan tó wá kan pẹpẹ ni wọ́n rán. Ó wọlé, kò pẹ́ tó jáde, ó na rọ́bà pálapàla kan sí wọn, èyí tí okùn rẹ̀ ti já tí wọ́n fi wáyà so, tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìgbẹ́.

"Àbí òun kọ́?" ó béèrè. "Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ti rí i. Ṣebí gbogbo yín lẹ ń wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú pópó yà wá wò ó. Alága di ikùn mú.

"Àdán!" ó pariwo. "Ṣé ẹ rí i? Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ohun tí wọ́n bá ní ti ibi gbogbo ni, kì í ṣe ti ibì kankan."

Obìnrin náà wọlé, ó mú bàtà rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, ó kì í bọ abíyá.

"Àdán tí ẹ ń pè yẹn, ó ń fò," ó sọ. "Eku wo nínú yín ló fò rí?"

Ó rìn jáde pẹ̀lú orí gíga. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí kọ́nà tán, ó fara ti ògiri. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, lójú rẹ̀, fún àlejò kan tó béèrè ẹni tó jẹ́: "Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sú mi. Kì í ṣe ọmọ wa, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀." Ọdún ti gorí ọdún, ó dùn ún bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

Nílé, Bíríkìlà fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀rọ̀ náà. Alápanilẹ́rìn-ín ni ọkùnrin yẹn, kò sì sí ìṣòro tí kò rò pé ẹnu lè tán.

"Pè é ní Wọléjáde," ó ní.

"Ó dà bí orúkọ olè."

"Arìnkiri?"

"Ìyẹn dára fún ewúrẹ́."

"Tojò-tẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ìyá àwọn ọmọ, ìyẹn dùn."

"Ilẹ̀ inú ilé dà níbẹ̀? Ṣé òjò ń rọ̀ nínú ilé?"

"Kì í ṣe ilé tí èmi bá kọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló mú èyí tó ti ń rò bọ̀ lójú ọ̀nà jáde, tìtìjú tìtìjú. "Mo rò ó pé kí n pè é ní Abáyìkámu. Pé ó bá àyíká mu, ibi yòówù tó bá dé."

Bíríkìlà gbé e lé ahọ́n, ó tọ́ ọ wò. "Abáyìkámu. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Bí ikọ́ ò bá dúró, ẹ rí dókítà."

Ó ju ìbọ̀sẹ̀ lù ú. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà gùn, ó tutù, kò lẹ́ran lára. Bí ó ti ń rò ó sí i ni gbogbo orúkọ tó ń wá ń ṣe bákan náà: wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Kó bá ibí mu, kó yẹ ọ̀hún, kí ibòmíràn gbà á. Inú rẹ̀ kò dùn sí wọn, kò sì mọ ìdí.

Ọjọ́ ìpàdé ìgbìyànjú kejì kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Alága ránṣẹ́ sí i. Ìjókòó kan ṣẹ́ kù ní ìlà bàtà ilé. Bó bá fẹ́ ẹ, kó wí. Wọ́n ti ń já páànù àtíbàbà, odi tuntun ti ń gòkè. Bí kò bá rí ìjókòó, kò níbi tí yóò gbé tábìlì rẹ̀ sí, nítorí yàrá tí òun, ọkọ, àti àwọn ọmọ ń gbé, bí ènìyàn bá na ọwọ́ níbẹ̀, ojú ẹlòmíràn ló ń gún. Tó bá sì gba ìlà bàtà ilé, Àǹtí àti àwọn afọṣọ á padà sí orí ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ó gba ilé Àǹtí lọ. Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, gba sálúbàtà. Ibi tí wọ́n bá ti gba ènìyàn ló ń jókòó sí. Mo ti ń pààrọ̀ bàtà kí o tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Mi ò ní kú."

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ̀yin náà ń sọ pé ibi tí wọ́n bá ti gbà mí." Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè, kò sì rántí pé àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń béèrè ta ni yóò gbà mí. Ṣé ilé yìí á gbà á, ṣé ilé tọ̀hún á gbà á. Ta ló béèrè rí bóyá èmi kọ̀ wọ́n? Ilé wo ni mo kọ̀? Àárín àpò àgbàdo ni mo ń sùn nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ṣé mo kọ̀ ọ́? Ilẹ̀ ilé ìdáná ni ìyàwó rẹ̀ fún mi, àti eku àti aáyán, ṣé mo kọ̀ ọ́? Àwọn ló lé mi. Èmi ò lé ẹnikẹ́ni!"

Àǹtí kò bá a wí. Ó fi ọwọ́ tó kán rí yẹn dì í mú.

"O ò kọ̀ ọ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Alẹ́ tí o dé ọ̀dọ̀ mi, kí n tó tẹ́ ẹní tán, o ti sùn lọ lórí sìmẹ́ńtì. Mo sọ fún ìyá tó wà ní yàrá kejì nígbà náà. Mo ní, ẹ wò ó, ọmọ yìí ò kọlẹ̀."

Obìnrin aránbàtà náà gbójú sókè. Ó nu ojú rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ sọ?"

"Mo ní o ò kọlẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti fún ọ, o máa sùn."

"Kò kọlẹ̀." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó so ó pọ̀ bí ẹni tó ń fa okùn yọ lójú abẹ́rẹ́. "Kòkọlẹ̀. Bàtà kòkọlẹ̀."

Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò béèrè bóyá omi á gbà á tàbí táìlì á gbà á. Bàtà náà ló ń sọ fún wọn pé òun kò kọ ẹnì kankan nínú wọn, ẹni tó bá sì kọ òun, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń rò.

Ó kìlọ̀ fún Bíríkìlà kó pa ẹnu mọ́. Ẹ lọ kìlọ̀ fún àkùkọ kó má kọ. Bíríkìlà kò sọ fún ará ìta, ṣùgbọ́n nínú ilé, kò sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà rẹ̀ tó ń dé lọ síbi iṣẹ́, síbi ọ̀fọ̀, tó tún ń dé sùn, fìlà kòkọlẹ̀ ni. Àpótí tí wọ́n ń jókòó lé dáná, tí wọ́n ń jókòó lé wẹ̀, tí wọ́n tún ń gùn pààrọ̀ gílóòbù, àpótí kòkọlẹ̀. Òdòdó tí wọ́n gbìn sínú agolo mílíìkì, tó rúwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, tó tún rúwé nígbà tí wọ́n gbé e sínú oòrùn, òun náà kòkọlẹ̀. Ó ti jẹ́ pé gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn wà nínú ilé tipẹ́, àwọn ènìyàn sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé aláìní ló ń fi nǹkan kan ṣe nǹkan mẹ́ta. Lójijì, wọ́n di ẹbí kan náà, wọ́n sì lórúkọ.

"Èmi ńkọ́?" Bíríkìlà béèrè.

"Ìwọ kọ ilẹ̀ ilé ìdáná. Mi ò rí ọ níbẹ̀ rí."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Alága fúnra rẹ̀ ló wá ẹni tí wọ́n máa rán, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n dìtẹ̀. Obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ni, ará ìlú mìíràn, tó wá gba bàtà gíga tí Alága bá a tún ṣe. Kò mọ Ìyàwó Bíríkìlà rí, kò rí bàtà rẹ̀ rí. Alága ti to bàtà kún pẹpẹ náà: bàtà òjò, bàtà iṣẹ́ onírin lẹ́nu, sálúbàtà, bàtà aláwọ dídán. Rọ́bà ilé ìgbẹ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa wúlò.

"Pè é," ó sọ fún Ìyàwó Bíríkìlà.

"Kòkọlẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè dákẹ́, bí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nínú ara rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò náà wọlé.

Ìyàwó Bíríkìlà dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ń gbọ́ ohun tó ń lọ nínú yàrá. Obìnrin náà ń tún orúkọ sọ lábẹ́lẹ̀, "Kòkọlẹ̀, kòkọlẹ̀," ó ń gbé bàtà, ó ń gbé e padà. Ó pẹ́. Alága wo aago, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó Bíríkìlà ti ń rò ó bí òun ṣe máa sọ fún Àǹtí.

Ìró tó ń wá yí padà. Wọ́n ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń dojú dé lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ń wo ìsàlẹ̀ wọn.

Nígbà tó jáde, irú bàtà ti Àǹtí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi mú èyí?" Alága béèrè. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Ṣebí ẹ ní kòkọlẹ̀. Mo ní kí n wo ibi tó ń kan ilẹ̀. Ti òjò yẹn, omi nìkan ló mọ̀. Aláwọ yẹn, bó bá rí omi, ó ti kú. Èyí nìkan ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń bá ilẹ̀ méjì sọ̀rọ̀." Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ dákun, ta ló ń tà á? Ẹsẹ̀ mi ń kú lọ nínú bàtà gíga yìí."

Gbọ̀ngán hó yèè. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọ̀pá rẹ̀ sí Alága. "Orúkọ ti dúró. Fún un ní ìjókòó."

Alága nu iwájú orí. Kì í ṣe ẹni tó ń da àṣà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń gba ìyà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin ni ìlà, kò sí ìkarùn-ún, òun kò sì lè fọ́ gbọ̀ngán nítorí bàtà kan. Àyè tó ṣẹ́ kù nìyí, kó wá wò ó. Gbogbo wọn tẹ̀lé e.

Ẹnu ọ̀nà ni. Ibẹ̀ gan-an ni òrùlé parí sí, tí omi ń ti etí páànù kán sílẹ̀ bí òjò bá rọ̀, tí oòrùn ń wọ̀ lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni táìlì pin sí, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì parí sìmẹ́ńtì tó kàn án; lẹ́yìn sìmẹ́ńtì náà, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń wọlé ti ń nu ẹsẹ̀.

"Kì í ṣe inú, kì í ṣe òde," Alága sọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rò pé àdán á fẹ́ràn rẹ̀. Bí o bá sì kọ̀ ọ́, má bínú, a ti ṣe tiwa."

Gbogbo ojú yí sí i. Wọ́n ń retí kó sunkún, tàbí kó bú u. Ìyàwó Bíríkìlà wo táìlì, ó wo sìmẹ́ńtì, ó wo omi tó dúró nínú kòtò kékeré lábẹ́ etí páànù, ó wo ẹrẹ̀. Ó wo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà wọ gbọ̀ngán yẹn láìkọjá níwájú rẹ̀.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ni èyí àbí ilẹ̀ kọ́?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ti gbàgbé orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni?" ó ní. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó wà lóde. "Bàbá àwọn ọmọ, gbé tábìlì mi wá."

Tábìlì náà dúró, ẹsẹ̀ méjì lórí táìlì, ẹsẹ̀ méjì lórí sìmẹ́ńtì. Ó mì díẹ̀. Bíríkìlà fi pátákó kékeré kan tì í nídìí, ó dúró ṣinṣin.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àǹtí ti ibi iṣẹ́ wá wo ibi tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀. Ó la ẹrẹ̀ kọjá, ó gun sìmẹ́ńtì, ó dé etí táìlì funfun tí Alága ti jẹ́ kí wọ́n nù tó ń dán. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ kan di òpó mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà.

"Àǹtí," obìnrin aránbàtà náà sọ láti orí àpótí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbọ́, "ẹ má bọ́ ọ. Ẹ máa wọlé bọ̀."

Àǹtí sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ó nù ún lẹ́ẹ̀kan lórí sìmẹ́ńtì, ó sì wọlé. Alága bẹ̀rẹ̀ wo táìlì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá àmì dúdú. Ó ṣì ń wá a nígbà tí Àǹtí ti jókòó.